Ṣé Wọn Yóò Tún Wa Sàmì Ni? Lórí Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì àti Gbígba Ọmọ Ìjọ Tuntun nínú Ìjọ Episcopal

Arábìnrin kan tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí mi. Ìjọ Áńgílíkà kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti sàmì fún un, ibẹ̀ náà ni bíṣọ́ọ̀bù sì ti gbé ọwọ́ lé e lórí, ìyẹn kọnfamáṣọ̀n, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọkọ rẹ̀ ti dàgbà, ó sì ti pé ọmọ ọdún 19 kí wọ́n tó rì í bọmi. Wọ́n bí ọmọ méjì: obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, tí wọ́n ti sàmì fún ní Nàìjíríà, àti ọkùnrin ọmọ ọdún 3 tí wọn kò tíì sàmì fún. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń jọ́sìn ní ìjọ Episcopal tó wà nítòsí ilé wọn. Àlùfáà wá kéde pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, pé wọn yóò sàmì fún àwọn kan, wọn yóò sì gba àwọn mìíràn sínú ìjọ. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Ṣé wọn yóò tún wa sàmì ni? Ṣé ìgbọ́wọ́lé tí mo gbà nílé ti di asán? Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an lọ́jọ́ náà, kí sì ni kí n múra sílẹ̀ fún? Ìyá mi nílé tún ń béèrè pé ìjọ wo nìyẹn, ṣé kì í ṣe Áńgílíkà ni?”

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní tún ẹ̀yin, ọkọ yín tàbí ọmọ yín obìnrin sàmì, nítorí ìjọ Episcopal gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń sàmì fún ènìyàn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìwé Àdúrà tí wọ́n ń lò láti ọdún 1979 sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pe méjì pé ìdè tí Ọlọ́run ń so nínú ìsàmì kì í tú. Ohun tí wọn yóò bi yín kò ju méjì lọ: ṣé omi ni wọ́n lò, ṣé ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́ sì ni? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ omi díẹ̀ tí wọ́n bù sí orí ọmọ ọwọ́ ní Ìjẹ̀bú, ì báà jẹ́ odò tí wọ́n ri àgbàlagbà bọ̀ tí omi fi bò ó mọ́lẹ̀, ìsàmì ni, ó sì dúró. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará wa tó wá láti ìjọ Aládùúrà pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti lo omi àti orúkọ Mẹ́talọ́kan. Níbi tí iyèméjì bá wà lóòótọ́, tí kò sí ẹni tó lè sọ bóyá wọ́n ti sàmì fún ẹnì kan rí, Ìwé Àdúrà ní gbólóhùn kan tí àlùfáà yóò fi bẹ̀rẹ̀, “bí a kò bá tíì sàmì fún ọ”, kí ó má baà di pé a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣá. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìjọ náà, ẹni tó jẹ́ ọmọ ìjọ ni ẹni tí a ti sàmì fún, tí a sì ti kọ ìsàmì rẹ̀ sínú ìwé ìjọ bó ṣe yẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí káàdì ìsàmì yín bá ti sọnù, ẹ pe àwọn ará ilé kí wọ́n bá yín lọ rí àlùfáà ìjọ tí wọ́n ti sàmì fún yín, kí ó wo ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, kí ó sì kọ lẹ́tà kan tó ní ọjọ́, orúkọ àwọn òbí àti òǹtẹ̀ ìjọ. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Pẹ́ńtíkọ́sì kí ẹ tó pè.

Ẹ wá lè sọ fún ìyá yín pé mọ̀lẹ́bí ni ìjọ méjèèjì. “Episcopal” wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí alábòójútó, ìyẹn bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Ìjọ England tó wà níbẹ̀ kò lè máa búra ìtẹríba fún ọba náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù kankan tiwọn. Àlùfáà wọn kan tó ń jẹ́ Samuel Seabury wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí England láti lọ gbà oyè náà, ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tí kò bá búra fún ọba joyè, ló bá kọjá sí Scotland, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ sì gbé ọwọ́ lé e lórí ní ìlú Aberdeen ní oṣù kọkànlá ọdún 1784. Orí ìran bíṣọ́ọ̀bù tó ń gbé ọwọ́ lé ara wọn lórí láti ayé àtijọ́ wá ni ìjọ náà dúró lé, gẹ́gẹ́ bí ti ilé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dìde dúró níwájú bíṣọ́ọ̀bù tán. Àárín ìjọ Episcopal àti Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà kò gún. Ní ọdún 2003, nígbà tí wọ́n fi Gene Robinson, ọkùnrin tí òun àti ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé bí olólùfẹ́, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní New Hampshire, Ìjọ Nàìjíríà kéde pé àjọṣe àwọn pẹ̀lú ìjọ náà ti bàjẹ́. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ń jẹ àlùfáà nínú ìjọ Episcopal, láti ìgbà tí àpérò gbogbogbòò wọn ti fàyè gbà á ní 1976. Barbara Harris, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní Massachusetts ní 1989, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò bíṣọ́ọ̀bù nínú gbogbo ìdàpọ̀ Áńgílíkà lágbàáyé. Ó lè jẹ́ obìnrin ni yóò gbé ọwọ́ lé yín lórí. Ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ sì bá àlùfáà yín sọ ọ́ ní gbangba. Ẹni tó ń wọlé ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ilé tí òun ń wọ̀, ìgbà tó bá sì mọ̀ ọ́n tán ni ẹ̀jẹ́ rẹ̀ tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Pẹ́ńtíkọ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọjọ́ ńlá méje tí Ìwé Àdúrà gbé ga ju gbogbo ọjọ́ yòókù lọ, ó sì wà lára àwọn ọjọ́ mélòó kan tí ìwé náà ní ó yẹ jù fún ìsàmì, pẹ̀lú òru Àjíǹde, ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ àti ọjọ́ ìrántí ìsàmì Olúwa wa. Bí a bá ka ọjọ́ Àjíǹde mọ́ ọn, ọjọ́ náà ni ó pé 50, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń bọ́ sí oṣù karùn-ún nígbà mìíràn, tí ó sì ń bọ́ sí oṣù kẹfà nígbà mìíràn. Pupa ni gbogbo nǹkan: aṣọ pẹpẹ, aṣọ àlùfáà, òdòdó orí tábìlì, títí dé aṣọ tí àwọn ènìyàn wọ̀ wá láti ilé, nítorí ahọ́n iná tó bà lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ní gèlè pupa kan nínú àpótí, ọjọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọjọ́ náà ti máa ń wọ̀ mí lára jù ni kíka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 2. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ti dé ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè mìíràn sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn á dìde níbi tí wọ́n jókòó sí, ọ̀kan á máa ka ti èdè Spéènì, ọ̀kan ti Faransé, ọ̀kan ti Kòríà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, títí ohùn á fi kún inú ilé débi pé ẹ kò ní mọ ti ta ni ẹ ń gbọ́, àyàfi èdè yín. Ẹ lọ bá àlùfáà ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ka ti Yorùbá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúrere rárá, ogún wa ni. Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí wọ́n sì sàmì fún ní Sierra Leone ní 1825, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní ìlú Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844, fún àwọn ará wa tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ti ń jọ́sìn ní èdè àwọn òyìnbó. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù gan-an ló tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: olúkúlùkù gbọ́ ní èdè tí a bí i sí. Ẹni tó bá ń gbà yín sínú ìjọ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, tí kò sì fẹ́ gbọ́ èdè yín, kò tíì ka orí náà dé ìparí.

Lẹ́yìn ìwàásù ni wọn yóò pè yín síwájú. Ọmọ yín ọkùnrin ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ̀yin òbí àti àwọn òbí ìsàmì rẹ̀ ni yóò mú un wá, tí ẹ ó sì dá orúkọ rẹ̀. Ẹ ó kọ Sàtánì sílẹ̀, àti àwọn agbára búburú ayé yìí, àti ìfẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ń fa ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ẹ ó sì yí sọ́dọ̀ Jésù Kristi. Wọn yóò gbàdúrà sí orí omi, wọn yóò sàmì fún un, bíṣọ́ọ̀bù yóò fi òróró fa àgbélébùú sí iwájú orí rẹ̀, yóò sì sọ fún un pé a ti fi èdìdì Ẹ̀mí Mímọ́ dì í, pé ti Kristi ni títí láé. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wọn á tún fún un ní àbẹ́là kékeré tí wọ́n tàn láti ara àbẹ́là Àjíǹde, àbẹ́là ńlá tó ti ń jó ní gbogbo ìsìn láti òru Àjíǹde wá. Pẹ́ńtíkọ́sì ni ọjọ́ tí yóò jó nídìí pẹpẹ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìsàmì.

Ẹ má ṣe wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ náà nítorí kí ó lè rọrùn fún wọn. Iṣẹ́ tèmi ní ìjọ wa fún ọdún pípẹ́ ni kíkọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá di ọmọ ìjọ, mo sì máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ wa sórí páálí kékeré fún bíṣọ́ọ̀bù ní ègé ègé. Mo rántí ọmọ kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mídé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, A-yọ̀-mí-dé, mo sì dúró ti bíṣọ́ọ̀bù nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ ìsìn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò rí i pè. Ó mú bírò, ó fa ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ “yọ̀”, ó fa èyí tó ń gòkè sí orí “mí” àti “dé”, ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi páálí náà há inú Ìwé Àdúrà rẹ̀. Nígbà tó pe orúkọ náà níbi omi, ó pè é bí ọmọ Ìbàdàn. Ìyá àgbà ọmọ náà, tó ti ilé wá, ti ṣe “Àmín” kí àdúrà tó parí. Orúkọ tí a fi sàmì fún ènìyàn ni orúkọ tí ìjọ fi gbà á, ó yẹ kí wọ́n pè é bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọmọ ọdún 3 yín lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Mo mọ̀ pé èyí yóò yà yín lẹ́nu, nítorí nílé a máa ń dúró di ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. Ìwé Àdúrà 1979 sọ pé ìsàmì nìkan ti tó láti sọ ènìyàn di ẹ̀yà ara Kristi pátápátá, kò ku ohun kan tí a ó fi kún un kí ó tó jókòó ti tábìlì. Nítorí náà ọmọ yín obìnrin náà lè máa jẹ ẹ́ láti ìsinsìnyí. Ti ìgbọ́wọ́lé rẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní kọnfamáṣọ̀n, ẹ má ṣe kánjú. Ìjọ Episcopal kò fi ọjọ́ orí kan pàtó sí i. Wọ́n fẹ́ kí ẹni náà dàgbà tó láti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀jẹ́ tí àwọn òbí ti jẹ́ fún un. Ọmọ ọdún 12 kan lè ṣe tán, òmíràn lè máà tíì ṣe tán ní ọdún 16. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ.

Ní tiyín, ìgbọ́wọ́lé tí ẹ gbà ní Ìjẹ̀bú kò di asán. Ètò mìíràn wà fún irú yín, ìyẹn ìgbàwọlé. Bíṣọ́ọ̀bù yóò pe orúkọ yín, yóò sì sọ pé a mọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjọ kan ṣoṣo, mímọ́, ti gbogbo ayé, ti àwọn Àpọ́sítélì, pé a sì gbà yín sínú ìdàpọ̀ yìí. Ẹ kíyè sí i pé “a mọ̀” ló ṣáájú “a gbà”. Ìjọ ń jẹ́wọ́ ohun tí Ọlọ́run ti ṣe nínú ayé yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn àlùfáà kan kàn máa ń fi lẹ́tà gbé orúkọ ọmọ Áńgílíkà wọlé láti ìjọ rẹ̀ àtijọ́. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń ṣe ní dáyósíìsì yín, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù yín. Ọkọ yín ti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní gbangba nígbà tó ti tó ọmọ ọdún 19, òfin ìjọ sì fàyè gbà á kí wọ́n gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé dípò kí wọ́n ṣe kọnfamáṣọ̀n fún un. Àlùfáà ni kí ó bá bíṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ dúpẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí òfin kò béèrè ju pé kí ó dé ìjọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láàárín ọdún mẹ́ta. Níbi tí kò bá sí, àlùfáà lè sàmì fún ọmọ, ṣùgbọ́n ìgbọ́wọ́lé àti ìgbàwọlé á dúró dè é.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa ní ibì kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáhùn tán, bíṣọ́ọ̀bù yóò yíjú sí gbogbo ìjọ, yóò sì bi wọ́n bóyá wọn yóò sa gbogbo agbára wọn láti gbé ẹ̀yin tí ẹ dúró síwájú yìí ró nínú ayé yín nínú Kristi. Wọn yóò dáhùn pé àwọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ni. Lẹ́yìn èyí ni gbogbo yín, ará ilé àti àlejò, yóò jọ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, tí ẹ ó sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún. Ti àkọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ ó dúró nínú ẹ̀kọ́ àti ìdàpọ̀ àwọn àpọ́sítélì, nínú bíbu àkàrà àti nínú àdúrà. Inú orí kan náà tí ẹ kà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ 42, ni wọ́n ti mú un: ohun tí àwọn bí 3,000 tí a sàmì fún lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ń ṣe ní ọjọ́ kejì àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn béèrè bóyá ẹ ó máa lépa ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà, kí ẹ sì máa bọ̀wọ̀ fún iyì olúkúlùkù ènìyàn.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nínú ìtàn Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn aláwọ̀ dúdú wà lórí eékún wọn nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Philadelphia tí wọ́n fi ń fà wọ́n dìde, pé kì í ṣe àyè wọn nìyẹn. Absalom Jones, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, wà lára àwọn tó bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ jáde. Ní 1794 ìjọ tí ó kó jọ, ìjọ St. Thomas ti àwọn ọmọ Áfíríkà, wọ inú ìjọ Episcopal, òun náà sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ àlùfáà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àdéhùn gbígbà wọ́n wọlé ni pé ìjọ náà kò ní rán aṣojú sí àpérò dáyósíìsì. Wọ́n gbà wọ́n, wọn kò sì gbà wọ́n tán. Mo ń sọ èyí fún àwọn ará ìjọ mi kí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì tó dé lọ́dọọdún, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ lé lórí.

Ó sì ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní ọdún kan, a gba ẹbí kan láti Áfíríkà wọlé lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, a pàtẹ́wọ́, a jẹ àkàrà òyìnbó, a ya fọ́tò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, a kò rí wọn mọ́. Mo lọ kí wọn nílé. Ìyá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì sọ fún mi pẹ̀lú sùúrù pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí àwọn ń gbé. Èmi gan-an ni mo kọ́ wọn ní kíláàsì, n kò sì béèrè. Láti ìgbà náà, a máa ń fi ìdílé kan nínú ìjọ ti ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan láti Pẹ́ńtíkọ́sì títí di Ádífẹ́ǹtì tó ṣáájú Kérésìmesì, ní gbogbo àkókò gígùn tí aṣọ pẹpẹ fi ń jẹ́ aláwọ̀ ewé: wọ́n á pè é lórí fóònù, wọ́n á lọ sílé rẹ̀, wọ́n á jẹun níbẹ̀, òun náà á sì wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Bí ìjọ yín kò bá ní irú ètò yìí, ẹ béèrè fún un.

Nítorí ìdí kan náà ni mo ṣe rọ̀ yín pé kí òbí ìsàmì ọmọ yín má ṣe jẹ́ Yorùbá nìkan. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín kan, ẹni tí a ti sàmì fún, kí ẹ sì tún mú ẹnì kan tó ti ń jókòó nítòsí yín lọ́jọọjọ́ Ìsinmi fún ọdún tó kọjá yìí, tó mọ ìgbà tí ọmọ náà ṣàìsàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé.

Wọ́n sábà máa ń ṣe ìgbáradì ní Sátidé tó ṣáájú. Ẹ mú lẹ́tà ìsàmì yín lọ, ẹ mú aṣọ ìnura kékeré fún orí ọmọ, ẹ sì sọ fún àwọn tó ń ṣètò oúnjẹ pé ẹ ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 2, ẹ ti kà á sókè nílé títí yóò fi yọ̀ lẹ́nu yín, pàápàá ẹsẹ 11: “àwa gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyanu ńlá Ọlọ́run ní èdè wa.” Kí ẹ tó kúrò níbi ìgbáradì ọjọ́ Sátidé náà, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín sórí páálí ní ègé ègé, ẹ fi àmì ohùn sí i, ẹ fi í lé àlùfáà lọ́wọ́, kí ẹ sì dúró kí ó pè é sí yín létí.